Bí Àyọ̀ká Ṣe Há sí Ẹ̀yìn Mọ́tò

Ní ìlú Ìrórò, bí ènìyàn bá ń bínú nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn a kàn wò ó lójú, wọn a ní, "Ìjókòó iwájú ṣófo, Àyọ̀ká lọ há sí ẹ̀yìn." Ọmọ ìlú yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì panu mọ́. Àlejò ni yóò máa yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn nínú ọkàn rẹ̀. Bí iwájú bá ṣófo, kí ni ènìyàn ń wá lọ sí ẹ̀yìn? Bí ó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, báwo ló ṣe tún há? Àwọn mìíràn rò pé òmùgọ̀ ni Àyọ̀ká, tàbí pé kò ríran dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni, ojú rẹ̀ sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Télọ̀ ni Àyọ̀ká. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí Jòsáyà Arówólò tó fẹ́ ẹ. Olùkọ́ ni Arówólò ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n, Tìsà ni gbogbo ìlú sì ń pè é. Tìsà ti sin ìyàwó kan rí. Fíbì ni orúkọ obìnrin náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí kí àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó mú un lọ. Ìbídùn ni ọmọ ọ̀hún ń jẹ́, ó sì ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú tó jìnnà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Tìsà fi dá gbé kí ó tó mú Àyọ̀ká wọlé.

Àyọ̀ká kò bá orogún nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ó bá orúkọ kan níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Ìbídùn. Òun náà kò tíì bímọ, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ rẹ̀ ní Jòsáyà ní Ìrórò. Kí ni kí ó wá máa pè é? Láràárọ̀ tí ó bá kúnlẹ̀ tí ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìbídùn," ọmọ obìnrin mìíràn ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá lọ́lá. Ó mọ́ ọn lára, bí òkúta kékeré inú bàtà ṣe máa ń mọ́ ènìyàn lára: ènìyàn ń rìn, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Mọ́tò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, lábẹ́ igi ìyeyè. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn méjì ni, tí ẹ̀yìn wọn rí rogodo, tí àwọn ènìyàn fi ń pè wọ́n ní ìjàpá. Dókítà òyìnbó kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni Tìsà rà á. Mọ́tò yìí ni Tìsà fi ń gbé Fíbì lọ sí ọjà àti sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ni ó fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nígbà ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wà á wá sí abẹ́ igi náà, ó pa á, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Afẹ́fẹ́ tán nínú àwọn táyà. Ìpẹtà jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Adìyẹ wọ inú rẹ̀, wọ́n ń yé, wọ́n ń pa, àwọn ọmọ wọn náà tún ń yé síbẹ̀.

Ní ọdún kejì tí ó fẹ́ Àyọ̀ká ni Tìsà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ó fi gbé ìgbálẹ̀, tí ó lé àwọn adìyẹ jáde. Ó yá jáàkì, ó gbé mọ́tò náà sókè, ó fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin gbè é nídìí. Àyọ̀ká wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá Ìbídùn, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni," ni Tìsà dáhùn.

Wíwò náà di oṣù mọ́kànlá. Bí Tìsà ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó ṣe ń tún mọ́tò náà ṣe, ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé. Bí ó bá tú bóòtù kan, yóò kọ ibi tí ó ti tú u sínú ìwé, yóò sọ bóòtù náà sínú agolo mílíìkì, yóò sì lẹ bébà mọ́ agolo ọ̀hún lára. Ó fi kẹrosíìnì fọ àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sá wọn sórí àpò bí ẹni tó sá èlùbọ́. Ó fi sáńpépà ha ara mọ́tò náà láti ìdí dé orí, títí èékánná rẹ̀ fi pọ́n. Ohun tí ó sì ń dun Àyọ̀ká jù ni pé ó ń bá mọ́tò náà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ nídìí oúnjẹ yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin, ohùn rẹ̀ yóò sì tutù bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Jẹ́ kí n rí ọ. Ó dára. Níbo ló ń dùn ọ́? Má bínú, ó ti pẹ́ tí mo ti pa ọ́ tì."

Àyọ̀ká a dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ kí ó lè gbọ́ dáadáa. Ta ni ó pa tì? Ta ni ó ń bẹ̀?

Wúrà, tí ń dín àkàrà ní ojúde kejì, kò jẹ́ kí iná náà kú. Ó ju Àyọ̀ká lọ lọ́jọ́ orí, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ sí.

"Ìyàwó, o kú ìfaradà."

"Kí ni mo ń fara dà?"

"Mo ní o kú u ni. Ọkọ rẹ ń tún yàrá ìyáálé rẹ kùn, o jókòó síbí, ò ń gán aṣọ."

"Ẹni tó ti kú ni yóò gbé inú yàrá?"

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kí ọ. Èyí tó wà láàyè, a lè bá a jà. Èyí tó ti kú, ìwà rere nìkan ni ó ń hù."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àyọ̀ká lára. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Tìsà kó àwọn ìjókòó mọ́tò sí oòrùn, ó sì lọ ra púlọ́ọ̀gì. Àyọ̀ká dìde lọ wò wọ́n. Ti awakọ̀ ṣì dára. Ti ẹ̀yìn dà bí ẹni pé a kò jókòó lé e rí. Ṣùgbọ́n fóòmù ìjókòó iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ti rì ní àárín, ó sì ṣe kòtò kan. Àyọ̀ká fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí kòtò náà. Ó gbà wọ́n tán. Ara Fíbì ló wà níbẹ̀ yẹn, bí ìpasẹ̀ ṣe ń wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó rìn ti kọjá lọ. Àyọ̀ká yọ ọwọ́ rẹ̀ kíákíá, ó nù ún mọ́ ìró bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun olóhun.

Nígbà tí Tìsà dé, Àyọ̀ká ní, "Fóòmù yìí mà ti rì."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tìsà wí. "Ó ti pẹ́."

Àyọ̀ká dúró kí ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Tìsà bẹ̀rẹ̀ sí í tú púlọ́ọ̀gì tí ó rà.

Nígbà tí ó ti fín mọ́tò náà ní ọ̀dà àwọ̀ ewé tútù, tí ó sì ń dán, Tìsà gbé aṣọ kan tó nípọn wá bá ìyàwó rẹ̀, aṣọ pupa tí kò tàn jù. "Àyọ̀ká, bá mi wọn àwọn ìjókòó yẹn kí o rán aṣọ wọn. Èmi kò lè gbé e fún télọ̀ mìíràn nígbà tí mo ní télọ̀ nílé."

Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, kò lè parọ́. Ó wọn ọ́n, ó sì gé e sí mẹ́rin: ti awakọ̀, ti ìjókòó iwájú, ti ìdí ẹ̀yìn àti ti ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó rán mẹ́ta, ó rán wọn dáadáa, ó kán etí wọn bí ẹni tí ń rán aṣọ ìyàwó. Ó wá kan ìkẹrin, ti ìjókòó iwájú. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó sọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ kò sì lọ. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó yọ ọ́, ó ká a, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ.

Ó ní nínú ara rẹ̀, "Yóò bi mí pé ìkẹrin dà. Bí ó bá bi mí, n ó sọ ohun tó wà nínú mi. N ó ní kí ó sọ fún mi, ta ló ni ibẹ̀? Bí ó bá ní èmi ni, kí n rán an. Bí ó bá ní Ìyá Ìbídùn ni, kí n mọ ibi tí mo wà nínú ilé yìí."

Tìsà gba aṣọ mẹ́ta. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Ó bọ́ fìlà lórí, kò wo ojú rẹ̀. "O ṣeun, Àyọ̀ká," ni ó wí. "O ṣeun gan-an ni." Ó sì lọ fi wọ́n wọ àwọn ìjókòó. Ó fi ti iwájú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fóòmù lásán, pẹ̀lú kòtò àárín rẹ̀.

Àyọ̀ká wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí ibùsùn. Kàkà kí ó bi í, ó dúpẹ́ ni. Ta ló tún nílò ẹ̀rí mìíràn?

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì gbà, gbogbo àdúgbò ló yọ jáde. Ó wúkọ́, ó sín, ó dákẹ́. Tìsà lọ sí ẹ̀yìn, ó fi sípánà tẹ nǹkan díẹ̀, ó padà. Ó tún wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ó mú un, ó ń dún pùpùpùpù bí ìkòkò tó hó. Wọ́n ní kí Tìsà wá fọ mọ́tò tuntun, ó sì fi kíréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan fọ̀ ọ́. Tìsà ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn. Àyọ̀ká kò rí eyín wọ̀nyẹn rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tìsà yí lọ sí apá kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró. Ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó fi èkejì lé orí ìjókòó, ó ń wo ìyàwó rẹ̀.

Àyọ̀ká wo fóòmù náà. "Ẹ ká a síwájú kí n kọjá," ni ó wí.

"Sí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn ni àwọn ọlọ́lá ń jókòó."

Tìsà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà, lápá ilẹ̀kùn, nítorí pé irin ọ̀hún nìkan ni òróró kò tíì rọ̀ lára mọ́tò náà. Ìjókòó ká síwájú. Àyọ̀ká tẹrí ba, ó wọlé sí ẹ̀yìn, Tìsà sì dá a padà. Bí wọ́n ti ń kọjá níwájú Wúrà, ó gbé ọwọ́ sókè láti ìdí àgbada. "Tìsà, ẹ kú iṣẹ́ awakọ̀ o. Èló lẹ gbé ìyàwó dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, wọ́n bá Màmá Abígélì ní ẹ̀bá afárá, ó ń tiro. Opó kátíkíìsì ni, obìnrin tó sanra, tó gbayì, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi. Orókún ń dà á láàmú. Òun àti Tìsà ló jọ kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n nígbà èwe. Tìsà dúró.

"Jòsáyà," ni ó wí, "Ọlọ́run ló rán ọ. Orókún mi ti kọ̀wé ìfiṣẹ́sílẹ̀."

Kò wo ẹ̀yìn, kò béèrè. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó síwájú, ó sì yí ìdí lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ wò ó, ó gbà mí bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí. Áà, ìyàwó, o wà níbẹ̀? O káàárọ̀."

Àyọ̀ká kí i. Jòsáyà. Obìnrin yìí lè ṣílẹ̀kùn mọ́tò, kí ó la ẹnu, kí ó pe ọkọ rẹ̀ ní Jòsáyà bí ẹni pe ọmọ ilé ìwé, òun tó ń fọ aṣọ rẹ̀ kò sì lè pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀bá afárá di ibùdókọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, Màmá Abígélì wà níwájú, ó ń rán Tìsà létí olùkọ́ kan tó máa ń sùn nídìí bọ́ọ̀dù, àti ọjọ́ tí wọ́n jí àgbàdo míṣọ́n sun. Tìsà a rẹ́rìn-ín títí yóò fi dín ìrìn mọ́tò kù. Láti ẹ̀yìn, orí méjì ni Àyọ̀ká ń rí, tí wọ́n ń súnmọ́ra, tí wọ́n ń jìnnà síra bí mọ́tò ṣe ń bọ́ sí kòtò. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń jowú òkú. Òkú dákẹ́ síbi tó wà. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó ń rùn lọ́fínńdà, ó sì ń jẹ́ kí eyín ọkọ rẹ̀ hàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ìjókòó náà sílẹ̀ fún un.

Ó lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: ibẹ̀ ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà pé òun jowú, Àyọ̀ká sì rò pé ó sàn kí òun kú.

Ọjọ́ ìkórè dé. Ní ìkórè Ìrórò, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè jáde, ọkọ àti ìyàwó a sì jọ gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ. Àyọ̀ká ti rán aṣọ tuntun. Ó gbé elégédé ńlá kan sórí ẹsẹ̀ ní ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi àpò iṣu tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, alága ìkórè sáré wá, ó ní bíṣọ́ọ̀bù ti dé, kò sì sí ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. Tìsà bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀lé e. Màmá Abígélì náà fara balẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó tún gèlè ṣe nínú dígí. "Ìyàwó, ò ń bọ̀, àbí?" ni ó wí. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tiro lọ.

Àyọ̀ká ti ìjókòó iwájú. Kò ká, àpò iṣu sì ti dí apá awakọ̀. Ó na ọwọ́ sí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ kàn án, ṣùgbọ́n kò lè fà á láti ẹ̀yìn. Ó lè gorí ìjókòó kọjá, kí ó fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú, kí ìró rẹ̀ ká sókè lójú gbogbo ìjọ. Ó lè lu dígí kí ó kígbe. Kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó gbé elégédé padà sórí ẹsẹ̀, ó jókòó gangan bí ẹni tí a ń ya fọ́tò. Ó ní, "Yóò rí i pé n kò sí níbẹ̀."

Agogo dún. Orin bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń mú òrùlé mọ́tò. Wúrà, tí kì í tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì, ń kọjá lọ, ó rí i, ó tẹ̀ wò ó nínú dígí.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ń sinmi."

"Nínú oòrùn yìí? Pẹ̀lú elégédé?" Wúrà wo ìjókòó iwájú, ó wo Àyọ̀ká, ó tún wo ìjókòó iwájú. Ẹ̀rín ti ń mú un. "Ìjókòó iwájú ṣófo, Àyọ̀ká lọ há sí ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n lọ pe ọkọ rẹ."

"Ẹ má pè é."

"Jẹ́ kí n ṣí i fún ọ nígbà náà."

"Ẹ máa lọ, Ìyá Alákàrà. Mo ní mo ń sinmi."

Wúrà lọ. Kò pe Tìsà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà sì sọ ọ́ fún àwọn tó wà níwájú wọn.

Nígbà tí ó pẹ́, Àyọ̀ká gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ìdílé. Ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó gbọ́ pé, "Ìdílé Arówólò." Orin bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tún pè é. Ó di elégédé mú. Ó ń fojú inú wo Tìsà tó ń dìde, àti Màmá Abígélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ń dìde tẹ̀lé e nítorí pé àyè ṣófo. Ìjókòó tó ṣófo ni obìnrin yẹn mọ̀, kò mọ olóhun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni Tìsà, òun nìkan, ó ká àgbádá mọ́ apá, ó ń sáré bí àgbà ṣe ń sáré. Ó yọjú sí inú mọ́tò kan, ó yọjú sí òmíràn, kí ó tó dé tirẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Àyọ̀ká. Wọ́n ti pe orúkọ wa."

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tí o kò jáde?"

"Mo há."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa irin náà, ìjókòó ká síwájú. Àyọ̀ká kò dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan kí n tó jáde. Ta ni ẹ fi ìjókòó yìí sílẹ̀ fún?"

"Èmi kẹ̀?" Ẹnu ya Tìsà. "Ìwọ lo fi sílẹ̀. Ìwọ lo rán mẹ́ta. Ní ilé bàbá mi, ìyàwó kì í jókòó lórí àpótí ìyáálé títí wọn yóò fi fà á lé e lọ́wọ́. Mo ṣebí o fi ìkẹrin bọ̀wọ̀ fún Ìyá Ìbídùn ni. Mo ní irú obìnrin wo nìyí. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún."

Àyọ̀ká wo elégédé tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀wọ̀," ni ó wí. "Owú ni."

Tìsà fọwọ́ lé òrùlé mọ́tò. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti pe ìdílé mìíràn.

"Nítorí Ìyá Ìbídùn ni ẹ ṣe tún mọ́tò yìí ṣe."

"Rárá."

"Nítorí mi ni?"

Tìsà rò ó. Kì í ṣe ẹni tó ń parọ́, kódà láti tu ènìyàn nínú. "Rárá," ni ó wí. "Ọwọ́ mi dilẹ̀ ni. Mo jí ní ọjọ́ Ajé, kò sí kíláàsì tí mo ń lọ. Mo wo ìta, mo rí mọ́tò tó bàjẹ́. Mo ní kí n wo ohun tó ń ṣe é." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣiṣẹ́ tán, ìwọ ni mo ṣílẹ̀kùn fún. O ní kí n ká ìjókòó síwájú."

Ẹ̀rín gbọ̀n Àyọ̀ká láìròtẹ́lẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti lé ní ọdún kan tí ó ti ń jowú ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ó gbé elégédé fún un, ó di apá rẹ̀ mú, ó jáde. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbẹ̀yìn pátápátá níwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ ń wò wọ́n, ejìká Wúrà sì ń mì.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, Àyọ̀ká yọ aṣọ kẹrin ní ìsàlẹ̀ àpótí, ó rán an. Tìsà dúró tì í. "Ṣé kí n pààrọ̀ fóòmù?"

"Ẹ pààrọ̀ rẹ̀," ni ó dáhùn. "Mo ti sọ fún yín pé owú ni."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n dé ẹ̀bá afárá. Àyọ̀ká wà níwájú. Màmá Abígélì ṣílẹ̀kùn, ó rí aṣọ pupa tó tẹ́ rẹrẹ. Ó fi ọwọ́ pa á. "Ìyàwó, o ṣé o. O wá rán an fún mi. Bọ́ sílẹ̀ kí n wọlé."

Àyọ̀ká di ìjókòó mú. Tìsà ń wo iwájú bí ẹni pé títì ni ìwé tí ó ń kà.

"Mo rán an fún ara mi ni, Màmá. Ibẹ̀ ni mo ń jókòó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òní."

Màmá Abígélì wò ó, ó wo Tìsà. "Jòsáyà, orókún mi ńkọ́?" Tìsà kò gbójú kúrò ní títì. Obìnrin náà wá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Orókún mi nìkan ni mo ń rò, n kò ro ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí mo bá há síbẹ̀, ìwọ ni yóò yọ mí."

"N ó yọ yín."

Àyọ̀ká bọ́ sílẹ̀, ó fa irin náà, ó ká ìjókòó, ó sì ti Màmá Abígélì láti ẹ̀yìn títí ó fi wọlé. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró wòran. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń tì í wọlé tí ó sì ń fà á jáde ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, títí orókún náà fi sàn.

Ọdún mẹ́fà ni Àyọ̀ká fi jókòó níwájú. Lẹ́yìn náà ni Tìsà kú, nígbà ọyẹ́, wọ́ọ́rọ́, bí ó ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ Wúrà ti di ti gbogbo ìlú. Bí ó bá bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níwájú Àyọ̀ká, onítọ̀hún a fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n òun a ní, "Sọ ọ́. Òótọ́ ni." Òun fúnra rẹ̀ a sì máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tí ó bá ń wọn fún aṣọ ìgbéyàwó, tí téèpù ṣì wà ní ọrùn rẹ̀. Yóò ní kì í ṣe ẹ̀rín àwọn ará ìlú ló dun òun. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́tàdínlógún ni òun fi wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni òun ń wò, ojú rẹ̀ sì wà níwájú níbẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí òun má wá wò ó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ìrórò fi ń sọ fún ẹni tí ó bá ń jà fún ohun tí a kò fi dù ú pé: ìjókòó iwájú ṣófo, Àyọ̀ká lọ há sí ẹ̀yìn.